Iná Ọ́fíìsì Tí Ń Jó Lásán: Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún oṣù mẹ́ta yìí kò le, kò sì fẹ́ ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀. Ó dá lórí iná mànàmáná tí a ń fi sílẹ̀ kí ó máa jó nínú ọ́fíìsì tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kọjá lóru, láti Òkòkòmáíkò títí dé Ìjánikin, ẹ ó rí i fúnra yín: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ tí iná funfun ń tàn yòò lórí tábìlì àti àga tí kò sí ẹni tí ó jókòó sí wọn.

Ta ni ó ń san owó iná náà? Bí ó bá jẹ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa ni, èmi àti ẹ̀yin ni. Inú owó tí ìbá di èrè ọdún wa ni ó ti ń jáde, kò sì sí ẹni tí ó dìbò pé kí ó jáde.

Kí á tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí á mọ bí a ṣe ń ka iná. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára tí gílóòbù ń fà. Bí ohun tí ń fa 1,000 wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, yúníìtì kan ni ó jẹ. Yúníìtì yìí náà ni a ń ra sínú mítà. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ 60 wáàtì yóò jẹ yúníìtì kan láàárín wákàtí 17, ó dín díẹ̀. Iná gbọọrọ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ́fíìsì wa, 36 wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára, ṣùgbọ́n ṣóòkì rẹ̀, irin wúwo tí ó wà nínú àpótí rẹ̀, ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì a máa tó 45.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kékeré kan, irú èyí tí ó lè wà ní Ìjánikin, ní Ìbà tàbí ní Ọ̀jọ́. Yàrá méjì ni, iná gbọọrọ márùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣí i láago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n ń tì í láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 45 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Wákàtí mélòó ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan? 168 ni. Ẹ yọ 45 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 123. Ẹ tún un kà dáadáa, ẹ̀yin ará: àkókò tí ọ́fíìsì náà fi wà lófìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan, wákàtí 63 ni.

Iná márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa 45 wáàtì, 225 wáàtì ni gbogbo wọn. Bí a bá gbàgbé wọn sílẹ̀ tí iná kò sì lọ, yúníìtì bíi 28 ni wọn yóò jẹ láàárín wákàtí 123 náà. Ní oṣù July 2024, àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí ilé-iṣẹ́ iná ṣèlérí pé iná wọn kò ní dín ní wákàtí 20 lójúmọ́, ń san ₦209.50 lórí yúníìtì kan. ₦225 ni wọ́n gbé e dé ní oṣù April ọdún náà, nígbà tí ó fò sókè láti nǹkan bí ₦68. Bí a bá fi iye ti oṣù July yẹn ṣírò rẹ̀, owó iná òfìfo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ₦5,800 lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá di ọdún, ó ti lé ní ₦300,000. Èyí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ gan-an ńkọ́? Nǹkan bí ₦2,120 ni lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ jẹ méjì, òfìfo jẹ mẹ́fà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde sọ pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá, níbo ni iná ti ń wà fún gbogbo wákàtí?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ dá a sí méjì nígbà náà. ₦150,000 ṣì ń lọ. Ẹ bi àwọn obìnrin tí ń ta ẹja àti gàrí ní ọjà Ìjánikin ohun tí wọn yóò fi ẹ̀yáwó ₦150,000 ṣe, ẹ ó sì mọ̀ bóyá owó kékeré ni.

Kí ló dé tí iná fi ń jó lásán báyìí? Àwọn tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn a máa sọ pé ìgbàgbé ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ohun mìíràn ni ó sábà máa ń fà á, ó sì yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Aago méjì ọ̀sán, iná lọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n ṣí fèrèsé, iṣẹ́ ń bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó dìde láti lọ pa súwíìṣì, nítorí ohun tí ó ti kú, ta ni yóò tún pa á? Aago márùn-ún lù, wọ́n ti ilẹ̀kùn, olúkúlùkù gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò hó "Up NEPA!", iná dé, gbogbo súwíìṣì tí a kò pa sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọ́n sí. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kò ṣe àìbìkítà. Kò sí ohun tí ó fi hàn án pé iná ṣì wà ní títàn. Ìdí nìyẹn tí ìwé "Pa iná kí o tó jáde" tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri kì í fi ṣiṣẹ́ púpọ̀ níhìn-ín. Ẹni tí ó ń kà á wà nínú yàrá tí iná ti lọ, lójú tirẹ̀ ó ti ṣe ohun tí ìwé wí.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni ó wà, kò sì sí èyí tí ó wọ́n. Èkínní ni àmì. Súwíìṣì tí a ń ki pulọ́ọ̀gì bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ sábà máa ń ní ìlà pupa kan lókè tí í yọjú bí a bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Súwíìṣì iná òkè kì í sábà ní in. Kí á mú kúútẹ́ẹ̀sì pupa, irú èyí tí àwọn ìyàwó wa ń kùn sí èékánná, kí á kán an sí etí òkè súwíìṣì kọ̀ọ̀kan, níbi tí í yọ síta nígbà tí ó bá wà ní títàn. Láti ọjọ́ náà lọ, iná ìbáà wà, iná ìbáà lọ, ẹni tí ó ń jáde kò ní ju pé kó bojú wo ara ògiri: bí ó bá rí pupa, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni pé kí oníṣẹ́ iná ya okùn iná òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti fíríìjì àti ti ẹ̀rọ mìíràn nínú àpótí bíríkà, kí ẹni ìkẹyìn lè gbé bíríkà kan ṣoṣo sísàlẹ̀ kí gbogbo iná inú ilé sì kú, kí omi inú fíríìjì má baà gbóná nítorí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olè ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa ń mú olè dí wa lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó ní kí á fi ilé ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: iná tí ó wà nínú yàrá ń fi ibi tí kọ̀ǹpútà àti àpótí owó wà han ẹni tí ó dúró síta, nígbà tí mẹ́gáàdì wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn tí kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìta ni ó yẹ kí iná ààbò wà. Gílóòbù LED kan tí ó jẹ́ wáàtì 9, bí ó bá tàn láti aago méje alẹ́ di aago méje òwúrọ̀, òru mẹ́sàn-án ni yóò fi jẹ yúníìtì kan. Ẹ fi méjì síta, ẹ fi ọ̀kan sẹ́yìn ilé, ẹ pa ti inú.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó ti pẹ́ lára wa. Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ pa ECN àti ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ìdídò odò Ọya pọ̀ di NEPA, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni iná sì fi jẹ́ ti ìjọba lójú gbogbo ènìyàn. Ọ́fíìsì ìjọba, iná ìjọba. Ta ni yóò bi ìjọba léèrè? NEPA di PHCN ní 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November 2013, wọ́n fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ti agbègbè wa láti Ọ̀jọ́ títí dé Àgbádárìgì sì bọ́ sọ́wọ́ Eko Electricity Distribution Company. Bí a ṣe ń sanwó ti yí padà. Ojú tí a fi ń wo súwíìṣì kò tíì yí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni iṣẹ́ oṣù wọn wà ní ilé ìjọba: ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀tọ̀-Àwórì, ní àwọn ilé-ìwé, ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà títí di 2022. A kò sọ pé ibì kan nínú wọn ń fi iná ṣòfò ju ibòmíràn lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ́ níbi iṣẹ́ ni yóò gbé wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, èyí tí ó bá sì kọ́ nínú ẹgbẹ́ náà ni yóò gbé lọ síbi iṣẹ́.

Iná ọ̀sán náà kò ṣeé fojú fò. Ẹ wọ inú àwọn pùlásà tuntun ojú ọ̀nà wa láago méjìlá ọ̀sán, ẹ ó bá iná ní títàn nígbà tí oòrùn ń ràn kíkankíkan lóde. Gíláàsì dúdú ni wọ́n fi ṣe iwájú ilé, yàrá jìn wọnú bí ihò, kọ́tìnì sì tún wà lórí gíláàsì. Àwọn tí ó yàwòrán ilé fún ilẹ̀ wa láyé ìjọ́sí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya òyìnbó tí ó ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn ogun Hitler, ṣe ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè gba ihà méjèèjì wọlé, wọ́n sì fi ògiri onílílu dènà oòrùn. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń gbèrò láti kọ́lé, ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó sanwó fún ẹni tí yóò ya àwòrán. Bí ilé bá sì ti wà nílẹ̀, ẹ ṣí kọ́tìnì, ẹ kun ògiri ní funfun, ẹ nu eruku ojú ọ̀nà kúrò lára iná, nítorí eruku máa ń jẹ ìmọ́lẹ̀ kò sì ń san nǹkan kan. Ẹ tún ní kí wọ́n pín súwíìṣì gbọ̀ngàn ìpàdé. Níbi púpọ̀, súwíìṣì kan ṣoṣo ni ó ń gbé gbogbo iná tàn, débi pé akọ̀wé kan tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yóò tan iná méjìlá kí ó tó lè ka ìwé rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gílóòbù fúnra rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ jẹ́ àdògán ju fìtílà lọ: nínú 100 ohun tí ó bá jẹ, nǹkan bí 5 péré ni ó ń di ìmọ́lẹ̀, ooru ni ìyókù, ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì tún jẹ iná láti lé ooru yẹn jáde. LED tí ó jẹ́ wáàtì 9 ń mú ìmọ́lẹ̀ tó ti 60 àtijọ́ wá. LED gbọọrọ tí ó jẹ́ 18 lè rọ́pò 36 tòun ti ṣóòkì rẹ̀. Bí ọ́fíìsì tí a fi ṣàpẹẹrẹ bá pààrọ̀ márùn-ún rẹ̀, tí ó sì ń pa wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, owó iná òkè rẹ̀ kò ní ju ₦850 lọ lọ́sẹ̀ ní iye tí a sọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, pípa ni ó ń mú owó púpọ̀ wálé nínú ìṣirò yẹn, pípààrọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ra LED tí kò sì pa á ní alẹ́, ó kàn sọ ìnàkúnà rẹ̀ di pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Àwa tí a wà nítòsí Alábà ní àǹfààní tí àwọn ará ibòmíràn kò ní, ewu tiẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. LED dáadáa wà ní Alábà, ayédèrú náà wà. Ẹ má fi wáàtì tí wọ́n kọ sí páálí nìkan rà á. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ lumen sí, nítorí òun ni ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó; gílóòbù tí yóò rọ́pò 60 àtijọ́ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 800. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ gba ọ̀rọ̀ ìdánilójú tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ dán an wò níṣojú olùtajà. Ibi tí àjọṣe ti wúlò nìyí: bí ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá para pọ̀ ra LED 500, wọ́n lè dúnàá dúrà ju ẹnìkan tí ó fẹ́ ra mẹ́ta lọ, wọ́n sì lè ra mélòó kan lọ dán wò fún oṣù kan kí wọ́n tó ra ìyókù.

Jẹnẹrétọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣáájú ọjọ́ 29 oṣù May 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní Èkó. Nígbà tí oṣù October 2024 fi máa parí, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Ẹ̀rọ tí a tan nítorí gílóòbù kan ṣì ń mu epo láti yí ara rẹ̀, ìbáà má gbé nǹkan kan. Bí ẹgbẹ́ bá ń wo ọ̀nà iná oòrùn, kí ó kọ́kọ́ dín iná òkè rẹ̀ kù: ohun tí yóò gbé 90 wáàtì kò tó ohun tí yóò gbé 225, kò sì wọ́n tó o. Àwọn tí ó bá sì ṣì ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2007, omi ìdídò Akosombo fà ní Gánà, iná sì wọ́n wọn gidigidi. Ìjọba wọn ra gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, mílíọ̀nù mẹ́fà, ó fi wọ́n fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní pàṣípààrọ̀ fún ti àtijọ́. Ìṣirò wọn fi hàn pé 124 mẹ́gáwáàtì ni ó dín kù ní wákàtí tí gbogbo ilé ń tan iná, iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ iná Egbin wa pé kó lè mú jáde. Àwọn Faransé gba ọ̀nà òfin: láti ọjọ́ kìíní oṣù July 2013, wọ́n pàṣẹ pé wákàtí kan kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìkẹyìn bá jáde kí wọ́n tó pa iná inú ọ́fíìsì. Nàìjíríà náà gbé ìlànà jáde ní 2017 lórí bí ilé ṣe lè dín iná tí ó ń jẹ kù. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tí yóò wá láti Àbújá wá ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹgbẹ́ yín dúró sí, ẹ ṣe báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn kọ iye tí ó wà lójú mítà sínú ìwé ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tí ó ń ṣí i kọ ọ́ ní òwúrọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni ohun tí òkùnkùn jẹ. Ẹ yọ ti fíríìjì àti ti iná ìta kúrò. Ìyókù ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi àmì pupa sí súwíìṣì, kí ẹ sì tún kà á. Kí akápò gbé ìwé méjèèjì wá sí ìpàdé. Ẹgbẹ́ tí kò bá tíì ní mítà, tí wọ́n ń fojú díwọ̀n owó iná fún, kò ní rí èrè pípa iná lójú ẹsẹ̀, a kò gbọdọ̀ tàn yín. Mítà ni kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lé, kí ó sì kọ lẹ́tà rẹ̀ ní orúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ní orúkọ ẹnìkan.

Nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ "iná àti epo" sí. A máa ń jà lórí owó ìrìnàjò ìgbìmọ̀, a máa ń jà lórí owó ìpápánu, a sì máa ń fo ìlà yẹn kọjá bí ẹni pé òjò ni ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pín in sí méjì, iná lọ́tọ̀, epo lọ́tọ̀, kí wọ́n sì kọ ti ọdún tí ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ lè jíròrò ní ìpàdé nìwọ̀nyí. Ta ni ó ń jáde kẹ́yìn ní ọ́fíìsì yín, ṣé ẹgbẹ́ sì ti fi iṣẹ́ pípa iná lé e lọ́wọ́ ní ti gidi, tàbí a kàn gbà pé yóò ṣe é? Iná mélòó ni ó wà nínú ilé ẹgbẹ́, mélòó nínú wọn ni ó ń tàn sórí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí? Bí owó tí ẹ bá rí nínú pípa iná bá tó ₦100,000 lọ́dún, ṣé kí ó lọ sínú àpò ẹ̀yáwó ni, tàbí kí á fi ra LED fún ilé-ìwé àdúgbò tí kò lè rà á? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa kí ìwé ìròyìn tí ó ń bọ̀ tó jáde, kí ó sì fi iye tí mítà kà ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì kún un.